Ohun Tí A Jọ Ṣe Dà? Ìlérí Àlàáfíà Ìjọba Méjì Lórí Ààlà Kétu

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe fún gbogbo ènìyàn ní Odòmẹ́ta

    

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ ibi tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà bá ìlérí wọn dé: ìlérí àlàáfíà, àti ìlérí pé àwọn tí ààlà là sí méjì yóò lè jọ ṣe nǹkan pọ̀. Mo ka ìwé púpọ̀ kí n tó wá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bọ̀ láti Kétu lówùúrọ̀ yìí, tí mo ń bá àwọn ìyá tó ru ẹrù pàdé lójú ọ̀nà, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa bi mí ní Odòmẹ́ta pé ìwé mélòó ni wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí wọn á bi mí ni pé: bí mo bá di gàrí mi, ṣé mo lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmẹ̀kọ, kí n tà á, kí n sì padà wálé, láìsí ẹni tó máa fa okùn sójú ọ̀nà kó gba èrè mi? Bí màlúù bá jẹ oko mi, tí darandaran sì sọdá, ta ni mo máa fẹjọ́ sùn tí àṣẹ rẹ̀ dé ibi tó sá lọ? Ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ fi wọn ìlérí náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ padà sẹ́yìn, nítorí déètì kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Ẹni tí ikú kò pa, wọ́n dè é lọ sí Àgbómẹ̀. Ìlú tí ògiri àti yàrà yí ká, ìlú tó ní bodè bíi Àkàbà Ìdẹ́na, di ahoro. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 10 August 1889, àwọn aṣojú Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò ní Párísì, wọ́n fa ìlà láti etí òkun gòkè wá sí ilẹ̀ wa. Ẹ kíyè sí déètì náà dáadáa. Nígbà tí wọ́n pín ilé wa, a kò sí nílé. Àwọn bàbá wa wà nígbèkùn, igbó ti hù bo ojúlé wọn. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn tó kù tó rọ́nà padà bọ̀, wọ́n sì tún fi ọba jẹ ní Kétu ní 1894. Wọ́n padà dé, wọ́n ń tún ògiri mọ, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ìlà ya ojúde wọn kúrò lára ẹ̀yìnkùlé.

Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá pàápàá, méjì ni wọ́n là á sí: ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, èkejì tí a ń pè ní Ìlárá-Kanga wà lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. Òkè kò sí láàárín, odò ńlá kò sí láàárín. Oko ẹnìkan ló bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín tó parí lọ́hùn-ún.

Ààlà náà kò sì pẹ́ tó fi di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa. Nígbà tí Faransé ń fi ipá gba owó orí, tí wọ́n ń kó ọ̀dọ́ fún iṣẹ́ àfipáṣe àti fún ogun 1914 sí 1918, àwọn ará Kétu a dìde lóru, wọn a di ẹrù, wọn a sọdá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tó tẹ ìwé jáde ní 1976 lórí bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ṣàkóso ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ló là á yé ayé pé ìṣípò yìí kì í ṣe ojo. Ọ̀tẹ̀ ni. Wọ́n kọ̀ fún aláṣẹ láìta ọfà kan. Ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n sọdá. Ìdí nìyẹn tí ìdílé ìyá mi fi wà ní Ìmẹ̀kọ, tí ti bàbá mi sì wà ní Kétu, tí mi ò sì mọ ibi tí ilẹ̀ òkèèrè wà láàárín wọn.

Ní February 2021, ọ̀nà yẹn kan náà yí padà. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran le ní àwọn abúlé kan ní Àríwá Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé. Àwọn tó sá, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sá wá. Ọmọ Nàìjíríà di asásálà ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì bá èdè rẹ̀ níbi tó sá dé. Ẹni tí wọ́n fún ní ẹní sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe àdéhùn Àbújá àti Kùtọnu ló fún un ní ẹní. Ẹbí àti aládùúgbò ni. Mo sọ èyí kí ó lè yé àwọn aṣojú ìjọba tó wà níbí pé àjọṣe ààlà kì í ṣe ohun tí wọ́n máa gbé wá fún wa láti òkèèrè. Ó ti wà kí wọ́n tó dé. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ìwé wọn gbè é lẹ́sẹ̀, kó má sì dí i lọ́wọ́.

Ó wá kan ìlérí fúnra rẹ̀. Ní 28 May 1975 ni wọ́n dá CEDEAO sílẹ̀ ní Èkó, àjọ tí àwọn ará wa ní ìhà kejì ń pè ní ECOWAS. Ní 29 May 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lè ní ọmọ-ọmọ. Ní 1988, àwọn aláṣẹ àti onímọ̀ láti Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jókòó ní Tòpò, ní Àgbádárìgì, lórí bí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ààlà yóò ṣe máa jọ ṣiṣẹ́. Ní 2002, Alpha Oumar Konaré tó jẹ́ ààrẹ Mali nígbà náà sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi nínú: ó ní kí a yéé wo ààlà bí ìlà, kí a máa wò ó bí ilẹ̀ tó ní ènìyàn nínú. Ní June 2014, ní Malabo, Ìṣọ̀kan Áfíríkà gba àdéhùn kan wọlé tí a fi orúkọ Niamey pè, àdéhùn tó dá lórí àjọṣe láàárín àwọn agbègbè ẹ̀bá ààlà, tó sì fi àyè sílẹ̀ kí komúnù níhìn-ín àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́hùn-ún lè bá ara wọn ṣe.

Ìwé ò wọ́n wa. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe rìn.

Ní 23 October 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ṣí ibùdó ẹnubodè alájọṣe ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ló fowó kọ́ ọ. Ohun tó dára gan-an ni: kí asọ́bodè Nàìjíríà àti dúwáànì Bẹ̀nẹ̀ wà nínú ọgbà kan, kí arìnrìn-àjò dúró lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́wàá kò tíì pé, ní 20 August 2019, Nàìjíríà ti àwọn ààlà orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ìdí tí wọ́n fi tì í kò ṣàjèjì sí wa: ìrẹsì tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ wọlé, epo tó ń jáde, ìbọn. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Fàyàwọ́ wà, a mọ̀ ọ́n, àwa tí kpayo, epo fàyàwọ́, wà ní ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wa ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè méjì tó jọ ṣí ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan ló dá a tì. Bí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe gbọ́ ọ ni ìyálọ́jà gbọ́ ọ.

Ní November ọdún yẹn, wọ́n tún pàṣẹ ní Nàìjíríà pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ààlà. Ẹ ro ti àwọn ará Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá wò. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, ní orílẹ̀-èdè tó ń wa epo, kò sì sí epo tí wọ́n máa fi lọ ẹ̀gẹ́. Wọn kò ṣẹ̀. Ibi tí ilé bàbá wọn wà ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

Ní àsìkò yẹn ni àbúrò ìyá mi kú ní Ìmẹ̀kọ. Òun ló tọ́ mi fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀nà igbó ni mo gbà lọ sin ín bí olè. Aṣọ òkú tí mo dì lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú u lójú ọ̀nà, ẹni tó tú u kẹ́yìn sì gba ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà lọ́wọ́ mi kó tó jẹ́ kí n tún un dì. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nígbà tí mo bá ka "ìrìn fàlàlà" nínú ìwé, aṣọ funfun yẹn ni ojú mi ń rí.

Ní December 2020 wọ́n ṣí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ àti mẹ́ta mìíràn. Ìdìrókò kò ṣí títí di April 2022. Àwọn orúkọ tí wọ́n kà sáyé lọ́jọ́ méjèèjì, kò sí ọ̀nà tiwa kankan níbẹ̀. Ọ̀nà kékeré kò ní agbẹnusọ.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi gbé wà gan-an. Ẹ má rò pé àwọn ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Nàìjíríà dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààlà sílẹ̀ ní 1987, ó sì ṣòfin ní 2003 tó dá Border Communities Development Agency sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn ìlú ẹ̀bá ààlà. Bẹ̀nẹ̀ dá àjọ ABeGIEF tiwa sílẹ̀ ní 2012, kí ó máa kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó máa gbẹ́ kànga, kí ó máa kọ́ ibùdó ọlọ́pàá fún àwọn abúlé tó jìnnà sí Kùtọnu, kí ó sì jẹ́ kí ará ẹ̀bá ààlà mọ̀ pé òun náà ní ìjọba. Iṣẹ́ rere ni. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tó ń jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé kò ní kẹ́gàn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn àjọ orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe dúró. Ọ̀kan kọjú sí Kùtọnu, ọ̀kan kọjú sí Àbújá, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síra wọn lórí ìlà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka ìlọsíwájú wọn: a gbẹ́ kànga mélòó *lọ́dọ̀ wa*, a kọ́ ibùdó ọlọ́pàá mélòó *lọ́dọ̀ wa*. Abúlé tí wọ́n là sí méjì lè ní ẹ̀rọ omi lápá kan kí apá kejì máa pọn omi odò. Ìròyìn iṣẹ́ méjèèjì á sì sọ òótọ́. Ilé ìwòsàn lè wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí aláboyún, ṣùgbọ́n káàdì rẹ̀ kò bá ibẹ̀ mu. Ohun tí ẹnìkan dá ṣe, wọ́n ń kà á. Ohun tí a jọ ṣe, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ìdí sì rọrùn: ẹni tó ń fowó sílẹ̀ wà ní olú-ìlú, òun ni wọ́n ń kọ ìròyìn sí. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìròyìn sí Ìlárá.

Ọ̀rọ̀ màlúù ló fi èyí hàn jù. Láti 1998 ni CEDEAO ti ní kí darandaran tó bá fẹ́ sọdá gba ìwé ẹ̀rí tí yóò sọ iye màlúù rẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà, àti pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́. Ní 2018 Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tirẹ̀ lórí dída ẹran. Ní December 2019 ó fòfin de màlúù ilẹ̀ òkèèrè pátápátá. Ní 2021 Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣòfin tako dída ẹran káàkiri. Òfin mẹ́rin, ilé mẹ́ta tó ṣe é, kò sì sí èyí tó bi ìkejì pé: tí mo bá lé wọn lọ́dọ̀ mi, ṣé ìwọ ti múra? Èyí tí a lé níhìn-ín a já sí oko Ìmẹ̀kọ. Èyí tí wọ́n lé ní Ìmẹ̀kọ a gba igbó ọba Dógò àti Kétu wọ̀ wá wá. Darandaran fúnra rẹ̀, ìyẹn tó ti ń gbé láàárín wa tó mọ orúkọ ọmọ wa, kò mọ èyí tó máa tẹ̀ lé nínú òfin mẹ́rin. Nígbà tí ilé bá jó, àtòun àti àgbẹ̀ ló ń jó. Fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní Kétu, òmíràn wà ní Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá rán akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá láti jọ ya àwòrán ọ̀nà màlúù lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí, kí wọ́n fi ibi tí omi wà hàn àti oṣù tí ìkórè parí, a ti ṣe ohun tí òfin mẹ́rin kò ṣe.

Ṣé a lè jọ ṣe nǹkan? A lè ṣe é, nítorí a ti ṣe é rí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ tún tàn káàkiri láti àríwá Nàìjíríà lẹ́yìn 2003, tó wọ Bẹ̀nẹ̀, ó hàn pé orílẹ̀-èdè kan kò lè dá lé e lọ. Ní October 2004, orílẹ̀-èdè 23 ní Áfíríkà fún ọmọ ní oògùn lásìkò kan náà. Bí ọmọ bá sọdá, ó bá wọn lọ́hùn-ún. Ní August 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà ti àtilẹ̀wá kò sí ní Áfíríkà mọ́. Àwọn tó gbé àpótí oògùn yẹn lórí alùpùpù wà nínú yín níbí.

Èkejì dùn mọ́ mi ju ti ìṣáájú lọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a jogún bá, èyí tí àwọn àgbà Kétu ní ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀, UNESCO fi í sára ohun iyebíye ayé ní 2001, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ńlá wọn ní 2008. Ta ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Togo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta fọwọ́ sí ìwé kan pé ohun kan náà ni tiwa. Wọn ò pín agọ̀. Wọn ò ní kí ọ̀kan mú orí, kí ọ̀kan mú aṣọ. Bí ìjọba bá lè gbà pé ẹ̀yin ìyá wa tí a ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ̀ kò ní ààlà, kí ló dé tí ilé ìgbẹ̀bí fi ní in?

Ẹnìkan lè sọ pé àsìkò le, pé ọ̀rọ̀ ààbò ló gba gbogbo ọwọ́ ìjọba. Òótọ́ ni àsìkò le. Ní 8 January 2025, ọmọ ogun wa 28 kú lọ́jọ́ kan ní àríwá. Ní 17 April ọdún kan náà, 54 kú. Kí Ọlọ́run tu àwọn ìyá wọn nínú. Agbègbè ọgbà ẹranko W, níbi tí Bẹ̀nẹ̀, Niger àti Burkina Faso ti pàdé, ni wọ́n ti kú. Ibi tí ìjọba mẹ́ta kọ ẹ̀yìn síra wọn ni ọ̀tá ń fi ṣe ilé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gúúsù ní ẹ̀jẹ́ pé kò ní rí irú rẹ̀.

Ní 7 December 2025, nígbà tí àwọn sójà kan gbìyànjú láti gba ìjọba ní Kùtọnu, ìjọba wa ké sí Nàìjíríà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà dé. Mo dúpẹ́ pé wọ́n dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba gbólóhùn "ó máa ń pẹ́" mọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àjọṣe tó lè sáré débi àga ààrẹ láàárín wákàtí díẹ̀ lè rìn débi àpò gàrí láàárín ọdún díẹ̀.

Kí ni mo wá ń bèèrè? Ohun kékeré ni. Kí komúnù Kétu àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n ní ìjókòó kan tó ní ọjọ́: lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, níhìn-ín lónìí, lọ́hùn-ún lọ́la. Kí àgbẹ̀, darandaran, ìyá ọjà, ọlọ́kadà, dúwáànì, ọlọ́pàá àti nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n sọ Yorùbá, kí Fúlàní wà pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ìpàdé tí àwọn ará Kétu àti ará Ìmẹ̀kọ, ọmọ baba kan náà, ti ń fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ṣe wí. Kí wọ́n sì lẹ àdéhùn 90 ọjọ́ yẹn mọ́ ara gbogbo ilé okùn ní èdè wa, ní lẹ́tà ńlá, kí ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà á fún ìyá rẹ̀.

Ìwé kékeré kan ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Mo fa ìlà sí i, ó di òpó mẹ́ta. Mo kọ "ohun tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe" sí orí èkínní, "ohun tí Nàìjíríà ṣe" sí orí èkejì, "ohun tí a jọ ṣe" sí orí ẹ̀kẹta. Òpó méjì àkọ́kọ́, mo ti rí nǹkan kọ síbẹ̀ láti inú ìwé ìjọba. Ẹ̀kẹta ní oògùn rọpárọsẹ̀, ó ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ní ibùdó Sẹ̀mẹ̀ tí mo fi àmì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ mọ èyí tó kù: kànga tí apá méjèèjì jọ ń pọn, ìjà tí baálẹ̀ méjì jọ parí, ọmọ tó ti ọ̀hún wá kàwé níhìn-ín. Tí a bá tú ká, mo máa jókòó sábẹ́ igi yẹn títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ wá sọ fún mi, kí n kọ ọ́.